Ta ló ni fóònù, ta ló ń gba owó bodè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń fi Zoom kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London àti Houston ní èdè wọn. Mo wá fẹ́ ṣe áàpù, kí fídíò, eré àti ìdánwò lè wà lójú kan. Ọmọkùnrin tó ń bá mi kọ ọ́ ní tí àwọn òbí bá sanwó nínú áàpù lórí iPhone, Apple máa yọ 30% níbẹ̀. Ó tún ní mi ò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi tàbí líǹkì ìsanwó sínú rẹ̀, pé wọn ò ní gbà á wọlé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣebí òbí ọmọ ló fowó ara rẹ̀ ra fóònù? Mo sì gbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù nílùú òyìnbó. Ṣé kí n ní sùúrù kí òfin dé ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Òótọ́ ni ọmọkùnrin yẹn sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán, ibi tí kò sì sọ dé gan-an ni owó yín wà. Kí n tètè dáhùn èyí tó gbẹ̀yìn: ẹ má dúró de òfin. Òfin ti dé níbì kan, kò tíì dé níbòmíràn, orílẹ̀-èdè tí òbí ọmọ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Apple ló sì máa sọ èyí tó kàn yín. Ìdí nìyẹn tí òbí ti Houston àti ti London, tí wọ́n jọ ra irú fóònù kan náà, kò fi ní rí ohun kan náà nínú áàpù yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú 30 yẹn, torí òun ló ń dẹ́rù bani jù, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. July 2008 ni Apple ṣí App Store, ìsọ̀ áàpù rẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti ní kí ẹni tó ta áàpù mú 70, kí òun mú 30. Nígbà tí Google náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba áàpù olówó sí ìsọ̀ tirẹ̀ (Play Store la mọ̀ ọ́n sí báyìí), ìpín kan náà ló lò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjà ni wọ́n ń gba owó yìí lórí rẹ̀. Ẹni tó fi áàpù pe ọkọ̀ Bolt, tó fi ra bàtà, tó fi sanwó iná, wọn ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tí a ń lò nínú fóònù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá oníṣòwò pín: fídíò, eré, owó oṣooṣù tí a fi ń wo nǹkan.

Ìlànà Apple sì fi àyè kan sílẹ̀ tó bá iṣẹ́ yín mu wẹ́kú. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kan ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, tí àwọn méjèèjì jọ wà lórí ìlà lásìkò kan náà, ẹ lè gba owó rẹ̀ bó ṣe wù yín, àní nínú áàpù gan-an: káàdì, Paystack, èyíkéyìí. Àmọ́ tó bá ti di kíláàsì, bó ṣe ọmọ mẹ́ta bó ṣe ọgbọ̀n, ọ̀nà ìsanwó tiwọn ni kó gbà. Olùkọ́ kan náà, a-b-d kan náà. (Ẹ má bi mí ti ìbejì tó jókòó síwájú fóònù kan ṣoṣo.) Nítorí náà, ẹ̀kọ́ ẹnì kan sí ẹnì kan, ẹ yà á sọ́tọ̀ lónìí. Kì í ṣe ara ohun tí ẹ ó máa bá Apple pín.

Ní ti kíláàsì àti fídíò, 30 kọ́ ló yẹ kí ẹ san. Láti January 2021 ni Apple ti ní ètò kan fún àwọn oníṣòwò kéékèèké: ẹni tí ohun tó ń rí lọ́dún kò bá tó mílíọ̀nù kan dọ́là, 15% ni yóò san. Google náà sọ ọ́ di 15% lórí mílíọ̀nù àkọ́kọ́ lọ́dọọdún láti July 2021. Ti Apple kì í dédé wá bá èèyàn o. Ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un, kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù. Mo ti rí ẹni tó ta áàpù fún ọdún kan gbáko tó ń san 30 torí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ká ní ọmọ 40 ń san £10 lóṣù, £400 nìyẹn. Lójú 30, £120 á lọ. Lójú 15, £60.

Ṣé £60 yẹn ṣòfò ni? Kò ṣòfò tán. Ohun kan wà tí àwọn tó ń bú Apple kì í sọ. Tí ẹ bá ti Ìbàdàn ta fídíò tààrà fún òbí ní London, ìjọba Ìlú Ọba retí pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún VAT, owó orí ọjà, láti orí oníbàárà àkọ́kọ́, torí pé ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè kò ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yọ̀ǹda oníṣòwò kékeré tó wà lọ́dọ̀ wọn. Bó bá gba inú App Store tàbí Play Store kọjá, àwọn ló ń ṣírò owó orí yẹn, àwọn ló ń san án. Àwọn ló tún ń bá òbí tó ní kí wọ́n dá owó òun padà fà á. Nítorí náà èmi kì í ṣe ẹni tó ń pariwo pé 15% jẹ́ olè. Àwọn bàbá wa mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ á mú nínú ìkórè lọ fún un, kò sì di ìjà.

Ṣùgbọ́n onílẹ̀ wo ló sọ fún àgbẹ̀ rí pé, "O ò gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà rẹ pé o tún ń ta iṣu nílé, pé owó rẹ̀ sì dínkù níbẹ̀"? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Èyí tí wọ́n ní ẹ má kọ líǹkì yín sí, òun ni gbogbo ayé ń bá wọn fà. Lóṣù March 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn tó lé ní €1.8 bílíọ̀nù fún Apple nítorí pé kò jẹ́ kí àwọn áàpù olórin, bíi Spotify, sọ fún ẹni tó ń lo iPhone pé ó lè san owó tó kéré sí i lórí ìkànnì wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: torí pé ó dí wọn lẹ́nu ni wọ́n ṣe bu owó náà fún un.

Ẹjọ́ tó là wá lójú jù lọ ni ti Epic Games, àwọn tó ni eré Fortnite tí àwọn ọmọ yín ní Houston ń gbá mọ́jú. Ní August 13, 2020, Epic mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀nà ìsanwó tirẹ̀ sínú eré náà. Ohun tí ọmọdé ń rà ní $9.99 nípasẹ̀ Apple di $7.99 lọ́dọ̀ Epic. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Apple ti yọ eré yẹn kúrò, Google tẹ̀ lé e. Epic náà ti múra sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn kan náà ló pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́.

Lóṣù September 2021, adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers ní California dá ti Apple. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Epic béèrè ni kò rí gbà. Adájọ́ ní kò fi hàn pé Apple rú òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí jíjẹgàba sórí ọjà. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnu dídí yẹn kò bá òfin California mu, ó sì pàṣẹ kí Apple fi oníṣòwò sílẹ̀ kó fi líǹkì sí áàpù rẹ̀. Apple pe kòtẹ́milọ́rùn títí tí kóòtù tó ga jù lọ fi ní òun ò gbọ́ ọ, lóṣù January 2024.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ó ní kò burú, ẹ fi líǹkì sí i. Àmọ́ ohunkóhun tí oníbàárà bá rà láàárín ọjọ́ méje lẹ́yìn tó tẹ líǹkì náà, 27% rẹ̀ jẹ́ ti Apple. Ó tún gbé ojú ewé ìkìlọ̀ ńlá kan sáàárín ọ̀nà, tí ẹni tó bá kà á á rò pé ọ̀dọ̀ gbájú-ẹ̀ lòun ń lọ. Tí ẹ bá fi owó tí àwọn oníkáàdì ń gbà kún 27 yẹn, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní April 30, 2025, adájọ́ bínú gidi: ó ní àṣẹ kóòtù ni òun pa, òun ò bá wọn dúnàádúrà, pé ńṣe ni Apple mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí i. Ó ní kó má gba kọ́bọ̀ lórí ohun tí a rà níta, ó sì ní kí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó di ọ̀ràn ìdájọ́ ọ̀daràn. Fortnite padà sórí iPhone ní Amẹ́ríkà nínú oṣù May. Apple gbé ọ̀rọ̀ owó náà lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, nítorí náà ẹ má gbára lé ọ̀fẹ́ yẹn bíi pé títí ayé ni. Líǹkì ni kí ẹ fọkàn lé.

Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ni wọ́n ti ṣe irú èyí. Gúúsù Kòríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣòfin, ní 2021, pé ìsọ̀ áàpù kò gbọdọ̀ fi ipá mú oníṣòwò lo ọ̀nà ìsanwó kan ṣoṣo. Apple gbà, ó ní ẹni tó bá lo tẹlòmíràn á san 26%. Google náà yọ mẹ́rin péré kúrò nínú ohun tó ń gbà. Nílẹ̀ Netherlands, ọ̀rọ̀ àwọn áàpù tí àpọ́n fi ń wá olólùfẹ́ ni àjọ tó ń mójú tó ọjà gbé dìde. Ní 2022, €5 mílíọ̀nù ni wọ́n ń bù fún Apple lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi di €50 mílíọ̀nù, kó tó ṣí ọ̀nà. Èló ló wá ní kí wọ́n máa san lórí ọ̀nà tuntun náà? 27%.

Òfin tuntun Yúróòpù, Digital Markets Act, pe irú iléeṣẹ́ báyìí ní orúkọ kan tí Yorùbá ti ní tipẹ́: oníbodè. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn bodè Abẹ́òkúta láyé ìjọ́un, níbi tí oníṣòwò ti ń san owó kó tó kọjá, kò nílò àlàyé. Lóṣù September 2023 wọ́n dárúkọ mẹ́fà: Alphabet tó ni Google, Amazon, Apple, ByteDance tó ni TikTok, Meta àti Microsoft. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 10% gbogbo owó tí iléeṣẹ́ náà pa lágbàáyé lọ́dún kan. Láti March 2024, ẹni tó ń lo iPhone níbẹ̀ lè gba áàpù láti ìsọ̀ tí kì í ṣe ti Apple, ó lè yọ áàpù tó bá fóònù wá, ó lè yan èyí tó fẹ́ kó máa kọ́kọ́ ṣí. Apple tún sún bodè síwájú: lọ́dún 2024 yẹn, ó ní ẹni tó bá gba ìlànà tuntun òun, tí áàpù rẹ̀ sì kọjá mílíọ̀nù kan ìgbà tí wọ́n gbé e sórí fóònù lọ́dún, á san €0.50 lórí ìkọ̀ọ̀kan tó lé. Ní April 2025 wọ́n bu €500 mílíọ̀nù fún un, torí ẹnu dídí yẹn náà.

Èyí ni mo fi máa ń bá àwọn tó ní kí ìjọba kàn dá iye lé e jiyàn. Dá iye lé owó ibodè kan, bodè á ṣí lọ síwájú díẹ̀. Jẹ́ kí oníṣòwò lè sọ̀rọ̀, kí oníbàárà lè gbọ́, iye á wá bẹ̀rẹ̀ sí í já fúnra rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé £7 wà lọ́ọ̀kán tó máa fẹ́ san £10.

Ẹ ní òbí ló fowó ara rẹ̀ ra fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ èyí tó rà yàtọ̀ sí èyí tó lè pàṣẹ fún. Lórí iPhone tí kì í ṣe ti Yúróòpù, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni áàpù ń gbà wọlé fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn. Android kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti lo Xender rí, ẹ ti gba APK, fáìlì áàpù fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Fóònù Tecno, Infinix àti itel tí a ń rà ní Dúgbẹ̀ àti Computer Village ń bá ìsọ̀ tiwọn wá, Palm Store, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Play Store. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ ará ìlú jókòó lórí ẹjọ́ Epic àti Google lóṣù December 2023, gbogbo wọn pátá ló dá Google lẹ́bi: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Google ń fi owó tu àwọn tó ń ṣe fóònù àti àwọn tó ń ṣe eré lójú kí wọ́n má baà gba ibẹ̀ kọjá. (Àwọn tó ń ra fóònù àsandíẹ̀díẹ̀ tiẹ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀: ẹ pẹ́ kí ẹ tó san, wọ́n á ti òkèèrè tì í pa. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ibí yìí ni mo ti máa ń yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ní kí bodè wó pátápátá. Ẹ rántí àwọn áàpù ayánilówó. Ẹ yá ₦20,000, ẹ pẹ́ ọjọ́ méjì, wọ́n á fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín, títí dórí pásítọ̀ àti àna, pé olè ni yín. Ní 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ní gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ni pé Google fi í sínú ìlànà Play Store: kò sí ìwé FCCPC, kò sí àyè. Ní 2023 ó tún ní áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí àwòrán tó wà lórí fóònù ẹni mọ́. Ká sòótọ́, oníbodè ló gbà wá níbẹ̀. GBWhatsApp náà ń bẹ, tí ìdajì ẹbí wa ń lò: ẹ̀dà WhatsApp tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ní 2021, Kaspersky, iléeṣẹ́ tó ń ṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, rí kòkòrò Triada nínú ẹ̀dà FMWhatsApp kan, ìbátan rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu bodè, mo fara mọ́ ọn. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí ẹ̀ṣọ́ di ẹni tó ń pinnu ẹni tó lè ṣòwò. Ní August 2025, Google kéde pé láti September 2026, lórí fóònù Android tó fọwọ́ sí ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand, áàpù kì í wọlé, ì báà jẹ́ láti ìta Play Store, àfi kí ẹni tó kọ ọ́ ti fi orúkọ àti ìdánimọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google. Láti 2027 ló máa kan àwọn yòókù. Google ní gbájú-ẹ̀ lòun ń lé. Ariwo pọ̀ débi pé ó ní òun á ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni tó mọ ewu rẹ̀ tó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́: bóyá ìyá àgbà lè rí i, tàbí inú igbó ni wọ́n gbé e sí.

Nàìjíríà kò tíì ní òfin tó dá ọ̀rọ̀ ìsọ̀ áàpù mú gẹ́gẹ́ bíi ti Yúróòpù. Àmọ́ òfin FCCPC ti 2018 ka ìlòkulò agbára lórí ọjà léèwọ̀, àjọ náà sì ní eyín: $220 mílíọ̀nù ló bù fún Meta ní July 2024 lórí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ń lo WhatsApp, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì tì í lẹ́yìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ bodè lọ bá wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ó yá, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ yẹn ya ẹ̀kọ́ ẹnì kan sí ẹnì kan sọ́tọ̀, kó gba owó rẹ̀ bó ṣe wù yín. Kíláàsì àti fídíò, kó tà á nínú áàpù, kí ẹ sì kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù 15% yẹn kí owó kankan tó wọlé. Kí ẹ tún tà á lórí ìkànnì tiyín. Apple kò ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti rà á níta lè wọlé sínú áàpù kó máa lò ó, bí ẹ bá ṣáà ti ń tà á nínú áàpù pẹ̀lú. Fún àwọn òbí tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fi bọ́tìnnì tó lọ sí ìkànnì yín síbẹ̀ gbangba. Lórí Android níbẹ̀ náà, láti òpin October 2025, Google kò lè fi dandan lé ìsanwó tirẹ̀ mọ́.

Ti London ló kù. Ìlú Ọba ti kúrò nínú Yúróòpù, òfin oníbodè yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àjọ CMA tiwọn, tó ń mójú tó ìdíje ọjà, kéde lóṣù October 2025 pé Apple àti Google wà lára àwọn tí òun á máa ṣọ́ lójú méjèèjì. Lóṣù kan náà, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje ọjà dájọ́ pé Apple lo agbára rẹ̀ nílòkulò, pé owó tó ń gbà lórí áàpù ti pọ̀ jù. Apple ní òun ò gbà. Kí ẹ tó rí bọ́tìnnì ní London, ó lè pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2021, lẹ́yìn àdéhùn tí Apple bá àwọn oníṣòwò kékeré ṣe ní kóòtù kan ní Amẹ́ríkà, ó ti gbà pé ẹni tó ní áàpù lè kọ̀wé sí oníbàárà rẹ̀ níta áàpù, kó sọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà sanwó fún un, bí oníbàárà bá ti gbà kí ó máa kọ̀wé sí òun. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òbí bá forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ bi í bóyá ẹ lè máa fi ímeèlì ránṣẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kí i, ẹ béèrè ọmọ, kí ẹ sì kọ líǹkì yín sí ìsàlẹ̀ ímeèlì náà.